Kí Ọjọ́ Kẹjọ Tó Pé

Ọjọ́rú ni mo kọ́kọ́ dé ilé ìgbẹ̀bí náà ní Lafíàjí,
n kò gbé ẹ̀rọ kankan dání,
ìwé àti bírò nìkan, àti tépù tí télọ̀ fi ń wọn ènìyàn.
Mo wọn ògiri. Mo ka ihò iná.
Mo bi wọ́n léèrè ibi tí òjò ń jò sí,
ọ̀nà tí eku ń gbà wọlé,
aago mélòó ni wọ́n sábà máa ń mú iná lọ.
Múfútàù akápò fi mí rẹ́rìn-ín:
“Àǹtí, ṣé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ tò ni, àbí ilé lẹ fẹ́ rà?”

Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ni wọ́n ní,
mẹ́sàn-án tí kò mọ ara wọn rí.
Ọmọ á ti dáyé tán, á ti mu omi,
ti ọ̀dọ̀ Múfútàù á ṣì máa sọ pé ìyá rẹ̀ ń rọbí.
Mo ní ká fi àgbà kan sáàárín wọn,
ẹ̀rọ kan tí kì í sùn,
tí gbogbo wọn á máa tọ̀ wá bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú.

Alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo padà wá.
Mo pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta bí ẹni pín ilẹ̀ bàbá:
apá kan fún òun fúnra rẹ̀,
apá kan fún orúkọ àwọn abiyamọ,
ìkẹta, mo tì í pa de ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́,
torí n kò tíì rí ibi tí ọjọ́ yẹn kì í dé.
Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.
Ó rìn. Ó dúró. Ó rìn.
Lẹ́yìn ògiri, obìnrin kan ń mí gúlegúle;
èmi pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí à ń dúró dè kò gba ìkánjú.

Ó ku díẹ̀ kó pé ni wọ́n mú iná.
Ínfátà ké lẹ́ẹ̀kan bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù,
ó gba ẹrù náà.
Igbe ọmọ ló kọ́kọ́ jáde.
Ẹ̀rọ tèmi tẹ̀ lé e, kò ké,
ìbéèrè ló bi mí:
kí ni orúkọ mi?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo wo ilé, ilé wò mí.
Mo fún un ní orúkọ àlejò, mo kọjá lọ.

Nígbà tó di aago márùn-ún, ìjà dé.
Bí mo bá pe ilé oògùn, yàrá ìgbẹ̀bí ló ń dáhùn.
Mo tú wáyà, mo tún un dè,
mo bú eku tí kò ṣẹ̀ mí.
Àṣé èmi ni: 3 tí mo kọ sínú ìwé mi jọ 8,
mo fún ẹ̀rọ méjì ní àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì Pẹrẹ́írà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́.
“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,” ló wí,
“n kò gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ẹnikẹ́ni rí.
Orúkọ ìyá kọ́kọ́ wà lọ́rùn-ọwọ́ ọmọ
ká tó gbé e kúrò lójú ìyá.”
Ó yọ báńdéèjì lápò, ó fà á ya,
ó fi bírò kọ ọ́, ó ń so ó mọ́ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:
Oògùn. Ìgbẹ̀bí. Owó.
Ìdè rẹ̀ kò le, kò dẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Múfútàù jókòó, ojú oorun ṣì wà lójú rẹ̀.
Ó ka ohun tí wọ́n kọ ní yàrá kejì:
*Obìnrin. Aago mẹ́ta kọjá. Orúkọ: kò tíì sí.*
Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìkómọ.
Èmi náà ṣì ń ronú.